Ogunléndé Ojú Sánmà: Bí Ọmọ-ogun Òfurufú Pólándì Ṣe Tún Ara Wọn Dá Sílẹ̀ Nílẹ̀ Àjò

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, bàálù ogun méje gbéra ní Takoradi, létí òkun Gold Coast tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Blenheim kan ló ṣáájú, Hurricane mẹ́fà sì tò tẹ̀ lé e bí ọmọ adìyẹ ṣe ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, nítorí awakọ̀ kan ṣoṣo ni Hurricane ń gbà, kò sì sí ẹni tí yóò máa wo máàpù fún un. Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ balẹ̀ sí, lẹ́yìn ìrìn nǹkan bí 380 máìlì. Láti Èkó wọ́n kọjá sí Kánò, wọ́n dé Maiduguri, wọ́n dé Fort Lamy tó ti di N'Djamena báyìí, wọ́n la aṣálẹ̀ Sùdáànì já sí Khartoum, kí wọ́n tó wá tẹ̀ lé odò Náílì lọ sí Íjíbítì. Nígbà tí wọ́n máa fi débẹ̀, Hurricane kan kò sí láàárín wọn mọ́. Nǹkan bí 3,700 máìlì ni gbogbo rẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kó bàálù gba ọ̀nà yìí lọ síbi tí ogun ti ń gbóná, àwọn bàálù Gẹ̀ẹ́sì tó bá ibẹ̀ kọjá sì lé ní 4,500.

Ta ló ń wà wọ́n? Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Pólándì pọ̀ láàárín wọn. Láti ọdún tó ṣáájú ni ilẹ̀ wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Òbí, aya àti ọmọ ọ̀pọ̀ wọn ṣì há sọ́hùn-ún, wọn ò sì mọ ẹni tó wà láàyè àti ẹni tó ti kú. Síbẹ̀ àwọn nìyí lókè Èkó, nínú ooru àti ọ̀rinrin, tí wọ́n ń gbé bàálù ẹlòmíràn lọ sí ogun tó jìnnà sí ilé wọn.

Ẹni tó bá ń gbé Akówonjó, Ṣàṣà tàbí Ẹ̀gbẹ́dá ní Alímọ̀ṣọ́ níbí kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe ìró bàálù fún un, torí pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. Àsìkò ogun yẹn gan-an ni wọ́n là á. Tí ọ̀rọ̀ ogun Hitler bá délẹ̀ ládùúgbò wa, àwọn bàbá wa tó lọ jà ní Burma la máa ń dárúkọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo fẹ́ kí ìtàn àwọn ogunléndé yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, nítorí ohun kan tí wọ́n ṣe tí kò wọ́pọ̀. Ilẹ̀ wọn lọ tán pátápátá, wọ́n sì tún dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfurufú ilẹ̀ náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, pẹ̀lú ìbúra tiwọn, àsíá tiwọn, àti orúkọ àwọn ìlú tiwọn lára bàálù tí wọ́n yá wọn lò.

Kí ilẹ̀ bọ́ mọ́ ọmọ Pólándì lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tuntun. Láti 1795 títí di 1918, fún ọdún 123, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí máàpù. Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria ti pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ni wọ́n gba òmìnira, inú oṣù díẹ̀ sì ni wọ́n tún ti ń bá ìjọba Kọ́múníìsì ilẹ̀ Rọ́ṣíà jà. Ní 1919, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Merian Cooper kó àwọn awakọ̀ òfurufú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti ran Pólándì lọ́wọ́. Gbèsè ló ní òun wá san. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Tadeusz Kościuszko, ọmọ Pólándì, ti sọdá òkun lọ bá Amẹ́ríkà jà fún òmìnira, kò sì sí ẹni tó tíì dá a padà. Orúkọ Kościuszko ni wọ́n sọ ikọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn, Elliott Chess, ya àmì rẹ̀: fìlà pupa onígun mẹ́rin tí àwọn àgbẹ̀ Pólándì máa ń dé, dòjé gígùn méjì tó dábùú ara wọn, ìràwọ̀ mẹ́tàlá àti ìlà pupa bíi ti àsíá Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àmì yìí, torí ó ṣì ní ìrìn jíjìn láti rìn. Cooper ní tirẹ̀ padà sílé, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ló sì ṣe fíìmù King Kong ní 1933.

Àwọn tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Amẹ́ríkà yìí, Dęblin ni púpọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú tó wà ní ìlú náà, tí kò ju nǹkan bí ọgọ́ta máìlì lọ sí Warsaw, olú ìlú Pólándì, ti wà níbẹ̀ láti 1927. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, bàálù kò sì tó nǹkan, nítorí náà ojú àti ọwọ́ awakọ̀ ni wọ́n gbára lé. Wọ́n kọ́ wọn kí wọ́n máa wo gbogbo ojú sánmà lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n sún mọ́ ọ̀tá dáadáa kí wọ́n tó yìnbọn. Ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n gbé dé ibi gbogbo tí wọ́n lọ.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939 ni Jámánì wọlé tọ̀ wọ́n. PZL P.11 ni bàálù ogun tí wọ́n fi ń dáàbò bo Warsaw: ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí kò ní ìbòrí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé ká mọ́nú, bàálù Jámánì sì yá jù ú lọ fíìfíì. Àhesọ kan gbòde nígbà náà, ó sì ṣì ń jà ràn-ìn títí di òní, pé àwọn Jámánì ti run gbogbo bàálù Pólándì lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn bàálù ogun lọ sí àwọn pápá kéékèèké tó fara sin, wọ́n sì gòkè lọ pàdé ọ̀tá lójoojúmọ́. Ohun tó wá ká wọn mọ́ pátápátá ni ti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, nígbà tí Sófíẹ̀tì tún gba ẹ̀yìn wọlé láti ìlà-oòrùn. Àṣẹ jáde pé kí àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń tún bàálù ṣe sọdá sí Romania.

Ẹni tí kò rọ́nà sọdá, tí ọwọ́ Sófíẹ̀tì tẹ̀, ojú rẹ̀ rí màbo. Ní ìgbà ìrúwé 1940, àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Sófíẹ̀tì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọ̀gá ológun Pólándì, àwọn tí wọ́n sin sí igbó Katyn sì wà lára wọn. Awakọ̀ òfurufú wà nínú wọn. Obìnrin kan ṣoṣo tí a mọ̀ pé ó kú sí Katyn, Janina Lewandowska, awakọ̀ òfurufú lòun náà.

Ní Romania wọ́n kó àwọn tó kù sí àgọ́ àhámọ́, ṣùgbọ́n àgọ́ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi owó dí ẹ̀ṣọ́ lójú, wọ́n ṣe ayédèrú ìwé ìrìnnà, wọ́n pààrọ̀ aṣọ ológun sí ti ará ìlú, wọ́n sì ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Balchik, ó di Beirut, ó di Marseille ní Faransé. Ní Faransé, Ọ̀gágun Władysław Sikorski ti gbé ìjọba Pólándì tuntun kalẹ̀. Ìjọba yìí ni igi tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Bí kò bá sí i, awakọ̀ tó ń wáṣẹ́ kiri nìkan ni wọn ì bá jẹ́.

Faransé fi wọ́n falẹ̀. Wọ́n kó wọn jọ sí Lyon, bàálù kò dé bọ̀rọ̀, nígbà tí ó sì máa fi dé, Jámánì ti wọ Faransé náà. Oṣù kẹfà 1940, Faransé túúbá. Wọ́n tún káṣọ, wọ́n tún sá, ó di Ìlú Ọba, ibi tí àwọn fúnra wọn ń pè ní erékùṣù ìrètí ìkẹyìn. Nǹkan bí 8,000 ni àwọn ọmọ-ogun òfurufú tó débẹ̀: awakọ̀, atọ́nà, mẹkáníìkì, títí kan àwọn adáná.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, lórí ọ̀rọ̀ ìbúra. Àwọn tó kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, ní ìparí 1939 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1940, Eastchurch ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì gbà wọ́n wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ogun àfikún fún RAF, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí wọ́n búra fún Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí gbogbo ọ̀gá ológun, bó ti wù kó dàgbà tó lẹ́nu iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti ipò ọ̀gá tó kéré jù. Ẹni tó ti darí ikọ̀ ní Warsaw wá di ẹgbẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ipò kọ́ ló dùn wọ́n jù, ìbúra ni. Ẹni tó bá ti búra fún ọba ẹlòmíràn, ṣé ó ṣì lè sọ pé ilẹ̀ òun lòun ń jà fún? Mo rò pé ìbéèrè yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Faransé ṣubú tí Gẹ̀ẹ́sì dá wà, agbára ìjíròrò yí padà. Gẹ̀ẹ́sì nílò awakọ̀ kíákíá, Sikorski sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ 1940 ni ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn kan tó sọ pé ọmọ-ogun orílẹ̀-èdè olómìnira ni àwọn ọmọ-ogun Pólándì tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pólándì nìkan ni wọn yóò búra fún. Ipò wọn padà sọ́wọ́ wọn. RAF ni yóò máa sọ ibi tí wọn yóò ti jà àti ìgbà tí wọn yóò gbéra, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà, ẹgbẹ́ Pólándì ni. Owó tí ó ń ná wọn, Gẹ̀ẹ́sì ló ń yá ìjọba Pólándì, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè.

Nọ́ńbà RAF ni wọ́n fún àwọn ikọ̀ wọn, láti 300 lọ sókè, ṣùgbọ́n wọ́n fi orúkọ ilé kún un. Ikọ̀ 302 ń jẹ́ Poznań, 307 ń jẹ́ Lwów, 308 ń jẹ́ Kraków, 315 ń jẹ́ Dęblin, 317 ń jẹ́ Wilno. Ìlú tí ọ̀tá ti gbà ni wọ́n ń dárúkọ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ikọ̀ 303 ló gba orúkọ Kościuszko, àmì tí ọmọ Amẹ́ríkà yà ní 1919 sì dé Northolt, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. Gẹ̀ẹ́sì kò fọkàn tán wọn lákọ̀ọ́kọ́; àhesọ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ti ṣáájú wọn débẹ̀. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kan, Ronald Kellett, ṣe olórí ikọ̀, Athol Forbes àti John Kent ọmọ Kánádà wà lábẹ́ rẹ̀, Zdzisław Krasnodębski sì jẹ́ olórí láti ìhà Pólándì. Faransé ni Kellett àti Forbes fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Kent kò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ Pólándì tó nílò lókè, bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ wọn, sára ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, kó lè máa tẹjú mọ́ orúnkún rẹ̀ kà á bí ó bá ń wa bàálù lọ.

Ìṣòro pọ̀ ju ti èdè lọ. Máìlì ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka ìrìn, kìlómítà ni tiwọn. Ẹsẹ̀ bàtà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka gíga, mítà ni tiwọn. Irin tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná, iwájú ni Gẹ̀ẹ́sì ń tì í sí, ẹ̀yìn ni wọ́n ti kọ́ wọn láti máa fà á. Ẹsẹ̀ Hurricane ń ká mọ́nú, tiwọn kì í ká, nítorí náà àwọn kan ń gbàgbé láti yọ ẹsẹ̀ síta kí wọ́n tó balẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn ní Uxbridge yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún wọn, wọ́n de rédíò àti kọ́ńpáàsì mọ́ ọn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa wà á kiri lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan ń pàṣẹ lórí rédíò ní Gẹ̀ẹ́sì: yà sápá báyìí, gòkè tó báyìí, ọ̀tá wà ní ìhà báyìí. Ọkùnrin tó ti já bàálù ọ̀tá lulẹ̀ lórí Warsaw ń wa kẹ̀kẹ́ ọmọdé lábẹ́ oòrùn kó lè mọ àṣẹ náà. Inú bí wọn, wọ́n sì kọ́ ọ.

Ọgbọ̀n ọjọ́ nínú oṣù kẹjọ, wọ́n ṣì wà lẹ́nu ìdánrawò. Ludwik Paszkiewicz rí bàálù Jámánì lókè nítòsí St Albans. Ó ké sí Kellett lórí rédíò, kò gbọ́ èsì, ó yà kúrò nínú ìlà, ó sì lọ já ọ̀tá náà lulẹ̀. Wọ́n bá a wí pé ó rú òfin, wọ́n sì kí i kú iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí ikọ̀ 303 máa bọ̀ lójú ogun. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, Paszkiewicz ti kú.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ikọ̀ náà ní àwọn já bàálù 126. Àwọn òpìtàn tó fi ìwé Jámánì wé ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun dín iye yẹn kù púpọ̀, bí wọ́n ṣe dín ti gbogbo ikọ̀ yòókù kù. Nínú eré ìjà tó yára báyẹn, awakọ̀ méjì lè yìnbọn sí bàálù kan náà kí oníkálùkù sọ pé tòun ni. Pẹ̀lú ìdínkù yẹn náà, wọ́n ṣì wà lára ikọ̀ tó ṣe dáadáa jù lọ nínú ogun náà. Ẹni tó já bàálù jù nínú wọn, Josef František, ọmọ ilẹ̀ Czech ni, ogunléndé bíi tiwọn, tó kọ̀ láti fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ Pólándì 145 ló jà lójú sánmà Ìlú Ọba nígbà náà. Ọba George Kẹfà fúnra rẹ̀ wá sí Northolt wá kí wọn, ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án.

Ní sáà ogun yẹn náà ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn mìíràn ń balẹ̀ sí Èkó. Ohun tó fà á ni pé Ítálì wọ ogun ní oṣù kẹfà 1940, Òkun Mẹditaréníà sì di ọ̀nà ikú. Gẹ̀ẹ́sì tú bàálù sí wẹ́wẹ́, wọ́n dì í sínú àpótí igi, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Takoradi, wọ́n tò ó padà, wọ́n sì gbé e gba orí ilẹ̀ wa lọ. Láti 1936 ni ilé iṣẹ́ Imperial Airways ti ń gbé lẹ́tà àti èrò láti Khartoum wá sí Kánò àti Èkó, nítorí náà ọ̀nà náà kò ṣàjèjì, ṣùgbọ́n pápá tó gba bàálù kékeré kan lọ́sẹ̀ kò lè gba ogun. Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa ló wa ilẹ̀, tó fọ́ òkúta, tó kọ́ àgọ́. Àwọn awakọ̀ náà jẹ nínú ibà àti ẹ̀fọn wa. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà mọ́ wọn láti Kánò sókè, iyanrìn jẹ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ṣìnà lókè aṣálẹ̀, tí epo tán, ìgbà mìíràn a máa fi ibẹ̀ ṣe sàréè. Tí wọ́n bá gbé bàálù dé Íjíbítì, wọ́n á kó wọn padà sí Takoradi láti tún gbé òmíràn. Kò sí orúkọ ńlá nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n láìsí i, ogun aṣálẹ̀ ì bá ti ṣòro púpọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Títí di oṣù kẹwàá 1939, òfin kò jẹ́ kí ọmọ adúláwọ̀ di ọ̀gá ológun nínú RAF. Lẹ́yìn tí wọ́n mú un kúrò, Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, àbúrò Stella Thomas tó di obìnrin adájọ́ májísíréètì àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lọ forúkọ sílẹ̀. Ní 1942 ó di ọmọ Áfíríkà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí RAF fi jẹ ọ̀gá ológun. Ó kú nínú ìjàmbá bàálù ní 1945. Ìgboyà rẹ̀ kò kéré sí ti ọmọ Pólándì kankan. Ṣùgbọ́n Ọba Gẹ̀ẹ́sì ló búra fún, kò sì sí ìjọba tiwa tó lè jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù kó sọ pé ó tì, tiwa ni kó búra fún. Ilẹ̀ Pólándì wà lábẹ́ ọ̀tá, síbẹ̀ ìjọba rẹ̀ ń fọwọ́ sí àdéhùn. Ilẹ̀ wa wà lábẹ́ ọ̀rẹ́, tí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, a kò sì ní ẹni tí yóò fọwọ́ sí i. Mi ò lè ka ìtàn méjèèjì pa pọ̀ kí ó má dùn mí.

Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tó ní ìbúra gbọ́dọ̀ ní àsíá. Àwọn obìnrin ní Wilno, tí wọ́n wà lábẹ́ àwọn tó gba ìlú wọn, ló fọwọ́ kọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sára àsíá náà ní kọ̀rọ̀. Àwòrán Màríà Wúńdíá ti ìlú wọn wà ní ojú kan rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìfẹ́ ń béèrè ẹbọ. Aṣọ tí a lè mú ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀ ni. Wọ́n fi pamọ́, wọ́n gbé e la Yúróòpù já lábẹ́ imú Jámánì títí ó fi dé Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje 1941, wọ́n fà á lé ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ ní Swinderby. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú rẹ̀ kí ó tó kàn èkejì.

Wọ́n jà títí. Wọ́n lọ sí Tunisia ní 1943 lábẹ́ Stanisław Skalski. Wọ́n ju bọ́ǹbù sí Jámánì. Wọ́n ń ṣọ́ òru lórí ìlú Exeter. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rò pé ó ro wọ́n lọ́kàn jù ni ti 1944, nígbà tí Warsaw dìde sí Jámánì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Ọjọ́ 63 ni ìlú náà fi jà. Àwọn ọmọ Pólándì tó wà ní Brindisi ní Ítálì ń gbé bàálù lọ lóru, lọ-bọ̀ tó lé ní 1,500 máìlì, láti ju ìbọn àti oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn tó ń jà. Ìlú wọn ń jó lábẹ́ wọn, wọn ò sì lè balẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò padà.

Ọmọ Èkó kan sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. August Agboola Browne, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1895, ti ń gbé Pólándì láti 1922, ó ń lu ìlù jáàsì ní àwọn ilé fàájì Warsaw. Nínú ìwé tó kọ fún ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní 1949, ó ní òun jà nínú ìdìde náà, Ali sì ni orúkọ ìnagijẹ òun. Lẹ́yìn ogun ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kú síbẹ̀ ní 1976. Láti 2019 ni òkúta ìrántí rẹ̀ ti wà ní Warsaw. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkòtún àti Ìgándò mọ orúkọ rẹ̀.

Oṣù kejì 1945, ní Yalta, Churchill, Roosevelt àti Stalin pín ayé, Pólándì sì bọ́ sábẹ́ Stalin. Oṣù keje ọdún náà, Gẹ̀ẹ́sì yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìjọba tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gba èyí tó wà ní Warsaw. Ìjọba tó fọwọ́ sí àdéhùn 1940 kò sí lójú Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ẹgbẹ́ tí ìbúra gbé dúró wá wà láìní ẹni tí ìbúra náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa ṣe ìyan ìṣẹ́gun ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà 1946, àwọn ọmọ-ogun tó jà lábẹ́ ìjọba Lọ́ńdọ̀nù kò rí ìwé ìpè, àfi awakọ̀ òfurufú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ní àwọn kò ní lọ láìsí àwọn yòókù. Mo fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ṣe.

Ní oṣù Kejìlá 1946 ni wọ́n tú ikọ̀ 303 ká. Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin kan jáde ní 1947 tó jẹ́ kí àwọn ọmọ Pólándì lè jókòó kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀, púpọ̀ sì di òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, kọ́lékọ́lé, oníṣòwò kékeré. Ní 1948 wọ́n ṣí òkúta ìrántí kan sílẹ̀ nítòsí Northolt, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó kú lára rẹ̀.

Àwọn tó padà sílé ńkọ́? Skalski, tí kò sí ọmọ Pólándì tó já bàálù tó o, padà ní 1947. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú un pé amí Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 1950, wọ́n yí i padà sí ẹ̀wọ̀n, kò sì jáde títí di 1956. Ìbúra tó mú kí wọ́n jẹ́ ọmọ-ogun Pólándì ní 1940, òun náà ni ìjọba tuntun fi kà wọ́n sí ọ̀tá.

Jan Zumbach gba ọ̀nà mìíràn. Òun náà jà ní Northolt ní 1940, ó wá di olórí ikọ̀ 303 ní 1942, àwòrán Donald Duck sì wà lára bàálù Spitfire rẹ̀. Nígbà tí ikọ̀ túká, ìwé ìrìnnà Switzerland tó jogún ló kù fún un. Ó kó fàyàwọ́, ó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀; ó ja ogun owó ní Katanga ní ilẹ̀ Kóńgò ní 1962; ní 1967, lábẹ́ orúkọ John Brown, ó dé sí Biafra, ó ń wa bàálù B-26 tó ń ju bọ́ǹbù sórí àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà. Ọwọ́ tó dáàbò bo Lọ́ńdọ̀nù ló ju bọ́ǹbù sílẹ̀ wa. Mi ò dá a lẹ́jọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé àwọn ọmọ Pólándì ọdún 1940 kàn ń jà fún ẹni tó bá gbé bàálù fún wọn ni, kó fi Zumbach ti 1940 wé Zumbach ti 1967. Awakọ̀ kan náà ni, ọgbọ́n ọwọ́ kan náà. Ohun tó ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà àti ìbúra rẹ̀.

Ìjọba ilẹ̀ àjò yẹn kò kógbá wọlé ní tirẹ̀. Ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún márùndínláàádọ́ta mìíràn àti ju bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì kà á kún, títí di oṣù kejìlá 1990, nígbà tí ààrẹ rẹ̀ ìkẹyìn, Ryszard Kaczorowski, gbé àmì àṣẹ lọ fún Lech Wałęsa tí àwọn ará ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn ní Warsaw. Ní 1992, àsíá tí àwọn obìnrin Wilno kọ náà padà sí Pólándì, wọ́n sì fà á lé àwọn ọmọ-ogun òfurufú ilẹ̀ náà lọ́wọ́. Skalski wà láàyè nígbà náà. Ọdún méjìlá lẹ́yìn rẹ̀ ló kú, ní Warsaw.